Idán ife àti owó ẹyọ: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ kìíní

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló gbé iṣẹ́ yìí wá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ilé ìwé wọn fẹ́ ṣe àríyá ìparí sáà, wọ́n sì ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú kíláàsì wọn múra ohun kan sílẹ̀ tí yóò ṣe níwájú àwọn òbí. Àwọn kan fẹ́ kéwì, àwọn kan fẹ́ jó, àwọn kan fẹ́ kọrin. Tirẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ máa ń há sí i lẹ́nu. Ó mọ̀wé, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa tó bá ku èmi àti òun nìkan, àmọ́ bí ojú bá ti pọ̀, gbólóhùn kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú kan gbáko, òógùn á sì bò ó. Ó jókòó tì mí ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo bí mo ṣe ń gé dígí, ó wá ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ lè kọ́ mi ní nǹkan tí mi ò ní sọ̀rọ̀ níbẹ̀?”

Mo ní màá kọ́ ọ ní idán.

Iṣẹ́ férémù ni mo ń ṣe ní Mọ́kọ́lá. Láti àárọ̀ títí di alẹ́, dígí, páálí, gọ́ọ̀mù àti bíléèdì ló ń bẹ lọ́wọ́ mi. Èmi kì í ṣe onídán, ṣùgbọ́n mo mọ bí a ṣe ń gé nǹkan méjì tí ojú kò fi ní rí ibi tí wọ́n ti pàdé, idán tó sì wá sí mi lọ́kàn, iṣẹ́ gígé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Bó ṣe rí nìyí. Owó ẹyọ onírin kan wà lórí tábìlì, ife dígí kan dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. A fi túúbù bébà bo ife, a gbé ife àti túúbù pọ̀ lé owó lórí, a yọ túúbù kúrò. Ife wà níbẹ̀, ó mọ́ gaara, owó ò sí nínú rẹ̀. A tún fi túúbù bò ó, a gbé e kúrò, owó ti padà dé. Àṣírí rẹ̀ ni pé a ti fi ohun kan tó jọ ìtẹ́lẹ̀ tábìlì náà lẹ ẹnu ife pa. Bí ife bá ti wà lórí owó, ìdérí yẹn ló bo owó mọ́lẹ̀. Ojú òǹwòran á gba inú dígí kọjá, á rí ohun tó jọ tábìlì, á sì gbà pé tábìlì ni.

Mo kọ ohun tí mo fẹ́ sí ẹ̀yìn risíìtì kan: kò gbọdọ̀ gba ọ̀rọ̀ sísọ. Kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ yíyára, torí ọwọ́ ọmọ tí ẹ̀rù ń bà á máa ń gbọ̀n. Ohun tó wà nílé la ó fi ṣe é. Kò sì gbọdọ̀ jọ òògùn.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo fa ìlà sí i nídìí. Ní Ìbàdàn níbí, tí ọmọdé bá dìde láàárín èrò tó sì sọ owó di àwátì, inú ẹlòmíì kò ní dùn. Àwọn tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ òògùn owó títí tó ti sú wọn, ibẹ̀ ni ọkàn wọn máa kọ́kọ́ lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ọmọ wa lójú kan báyìí.

Mo rántí eégún onídán tí mo wò nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó wọ inú aṣọ, ó di òjòlá, ó tún wọlé, ó di nǹkan mìíràn. Bàbá mi tẹ̀ mí léjìká, wọ́n ní kí n má wo òjòlá, kí n wo aṣọ, aṣọ ló ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti rán an tí inú rẹ̀ fi lè di ìta kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Ajé

Owó ẹyọ kò sí lóde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu bó ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Mo béèrè lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, lọ́wọ́ ìyá tó ń ta epo pupa, lọ́wọ́ kọndọ́ mọ́tò kan tó ń pe èrò Ṣángo. Kọndọ́ yẹn ní, “Ẹ̀gbọ́n, kọ́bọ̀ kẹ̀? Níbo lẹ ti ń bọ̀?” Ní 2007 ni Báńkì Àpapọ̀ kó 50 kọ́bọ̀, náírà 1 àti náírà 2 onírin jáde, àwọn ọjà kò sì gbà wọ́n mọ́ra. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìgbà yẹn lè dàgbà ní ìlú yìí láì fi ọwọ́ kan ọ̀kan.

Ọ̀dọ̀ Màmá ni mo ti rí i. Agolo mílíìkì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn tí bọ́tìnnì, abẹ́rẹ́ àti kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo mọ́ kún inú rẹ̀, ibẹ̀ ni náírà 1 mẹ́ta wà. Mo gbé ọ̀kan fún ọmọ náà. Ó yí i padà, ó wo àwòrán Herbert Macaulay tó wà lára rẹ̀, ó fi eyín gé e, ó jù ú sílẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń dún. “Ṣé owó ni lóòótọ́? Kí ni wọ́n fi ń rà?” Ó tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí kò fi wo ohun mìíràn.

Mo kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ó wúlò. Ife ni àṣírí wà, kì í ṣe owó. Bí ojú gbogbo èèyàn bá wà lára owó, kò sẹ́ni tí yóò ronú kan ife. Bí a bá lo owó bébà tàbí ìdérí kóòkì, kò ní rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́ ojú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Kí n tó ge ohunkóhun, mo dán èyí tó rọrùn jù wò, èyí tí kò nílò gígé rárá. A gbé ife dígí tí kò ní nǹkan nínú lé owó lórí, ìdí ife ló wà lórí owó. A wò ó láti ẹ̀gbẹ́, a rí owó. A da omi sí ife, owó pòórá. Òótọ́ ni, kò sí ẹ̀tàn kankan níbẹ̀: ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara owó bọ̀ máa ń tẹ̀ nígbà tó bá wọ inú omi, ó sì máa ń gbá ara ògiri ife padà sínú dípò kó jáde sọ́dọ̀ ẹni tó ń wò. Òkè ló ń gbà lọ. Ẹni tó bá yọjú wo inú ife láti òkè á rí owó rẹ̀ kedere, ìyẹn ló fà á tí wọ́n fi ń fi àwo kékeré dé ife náà lórí.

Ó dùn ún wò, ó ya ọmọ náà lẹ́nu púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, omi dà sílẹ̀, ó ṣàn wọ abẹ́ ife. Ojú ẹsẹ̀ ni owó tún hàn. Àfi kí afẹ́fẹ́ wà láàárín owó àti ìdí ife ni idán yẹn fi ń ṣiṣẹ́, bí omi bá ti dí ibẹ̀, ó parí. Mo pa á tì. Nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé, níwájú òbí, mi ò lè gbé e lé omi.

Ọjọ́bọ̀

Ìtẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́: ẹ̀yìn káléńdà.

Kò sí ilé kan ní Yemẹtu tí káléńdà òkú ìyá ẹnìkan tàbí ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún ò sí lára ògiri rẹ̀. Bébà wọn nípọn, ẹ̀yìn wọn funfun. Mo tú ọ̀kan tí ọdún rẹ̀ ti kọjá, mo tẹ́ ìdajì rẹ̀ sórí tábìlì, mo fi ẹnu ife wọn ìdajì kejì, mo gé e roboto, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó gbẹ, mo dojú ife dé, mo sún sẹ́yìn.

Ó hàn. Kò hàn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó hàn bíi kí ènìyàn fi abọ́ lé aṣọ tó ti pẹ́ nínú oòrùn. Ohun tí mi ò rò ni pé káléńdà tó ti wà lára ògiri fún ọdún kan ò ní àwọ̀ kan ṣoṣo mọ́. Etí rẹ̀ ti pọ́n bí eyín arúgbó, àárín rẹ̀ ṣì funfun. Àárín ni mo ti gé ìdérí, etí ni mo gbé e lé. Mo tún gé òmíràn láti ẹ̀gbẹ́ ibi tí ife máa wà gan-an. Èyí sàn jù, ṣùgbọ́n bébà náà ń dán. Bí mo bá yí ife díẹ̀, ìdérí á dán lápá kan, ìtẹ́lẹ̀ á dán lápá kejì, roboto náà á sì yọ bí òṣùpá.

Wàhálà kejì ju ti àwọ̀ lọ. Owó ẹyọ ní ìpọn. Bí ìdérí bá le, owó tó wà lábẹ́ rẹ̀ á gbé ife sókè lápá kan, ife á máa mì jẹgẹjẹgẹ. Bí ìdérí bá rọ̀, owó á yọ kókó sí i láàárín. Bébà káléńdà ṣe méjèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi tẹ́lẹ̀, gbogbo àwọn tó ń ṣàlàyé idán yìí kàn máa ń ní ká gé bébà, ká lẹ̀ ẹ́, ó tán. Kò tán. Ìpọn owó náà ni gbogbo iṣẹ́ yìí.

Ọjọ́ Ajé, ọ̀sẹ̀ kejì

Mo dán páálí kátọ́ọ̀nù wò. Ìlà tó wà lára rẹ̀ ò bára mu, ife ń mì. Mi ò fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀.

Ife àkọ́kọ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Sùpà gúlù ló bà á jẹ́. Mo fẹ́ kó yá, mo fi ìkán méjì sí ẹnu ife, mo tẹ ìdérí mọ́ ọn. Nígbà tí màá fi padà láti ibi tí mo ti lọ ra gààrí, inú ife ti funfun bí ẹni pé èémí ọ̀yẹ́ wọ̀ ọ́. Ooru tó ń jáde lára gúlù yẹn bó ṣe ń gbẹ ló lọ lẹ̀ mọ́ dígí, ìdérí sì ti dí ẹnu ife, kò rí ibi jáde. Mo wẹ̀ ẹ́, mo fi aṣọ nù ún, kò lọ tán. Gọ́ọ̀mù tí àwọn tó ń ran bàtà ń lò, èyí pọ́n, ó hàn yíká ẹnu ife bí ìdọ̀tí. Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò ni mo padà sí. Ó máa ń gba wákàtí mélòó kan kó tó gbẹ, ṣùgbọ́n bó bá gbẹ, ó máa mọ́ gaara, kò sì ní èéfín tó ń ba dígí jẹ́.

Mo lọ sí Agbeni fún ife tuntun. Ẹ fara balẹ̀ níbi ife. Èyí tí wọ́n pín níbi ìgbéyàwó ti ní orúkọ ọkọ àti ìyàwó lára, ó ń dí ojú. Ìgò jáàmù ní ìlà wẹẹrẹ ní ẹnu, ìdérí ò ní jókòó dáadáa. Èyí tí ìdí rẹ̀ nípọn jù máa ń ba ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ lójú. Ife tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lọ, ni mo ń wá, torí ọwọ́ ọmọdé ni yóò gbá a mú. Ìyá tó ń tà á jẹ́ kí n dojú mẹ́jọ dé lórí pákó kí n tó rí méjì tí ẹnu wọn tẹ́jú tí kò mì. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ fẹ́ fi mu omi ni àbí ẹ fẹ́ fi kọ́lé?” Mo ní idán ni. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yọ igba náírà kúrò.

Ọjọ́rú

Aṣọ.

Mo jókòó síwájú káléńdà yẹn fún ọjọ́ méjì kí n tó rántí ọ̀rọ̀ bàbá mi pé aṣọ ló ń ṣiṣẹ́. Aṣọ púpọ̀ kì í dán. Aṣọ máa ń rọ̀ mọ́ owó. Bí nǹkan tó rọ̀ bá sì wà lábẹ́ aṣọ ìtẹ́lẹ̀, owó á rì wọlé, ìdérí kò ní gbé ife sókè.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí ni àdìrẹ. Màmá ní ìró àtijọ́ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàn dùn, tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí pẹ̀lú ṣíbí láàárín àwọn òpó. Ìbá dára kí idán ọmọ Ìbàdàn wáyé lórí Mápó. Mo bẹ Màmá, wọ́n gbé etí rẹ̀ tó ti gbó fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ife lé e, mo rí i pé kò lè ṣeé ṣe: àwòrán rẹ̀ tóbi jù. Ìdérí gé òpó kan sí méjì, òpó tó wà lórí ìdérí ò pàdé èyí tó wà lórí ìtẹ́lẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta á rí i. Mo ká a, mo dá a padà sínú àpótí wọn láì fi bíléèdì kàn án.

Aṣọ aláwọ̀ kan ṣoṣo náà ò dára, bí mo ṣe rò tẹ́lẹ̀ kọ́. Lórí aṣọ dúdú pátápátá, etí ìdérí hàn bí ìlà fẹ́ẹ́rẹ́, torí ojú ò rí ohun mìíràn tó lè wò. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni èyí tí mo rí nínú àpò àgékù aṣọ télọ̀ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi: àǹkárá aláwọ̀ aró tó ní tótòòtó wẹẹrẹ, funfun àti ọsàn, tí wọ́n dà á sí gbogbo ara rẹ̀ láì tò ó. Tótó kan ò ju orí ìṣáná lọ. Ojú á máa sáré láti tótó kan dé èkejì, kò ní ráyè tẹ̀lé ìlà. Télọ̀ yẹn kò gba owó. Ó ní kí n ṣáà wá pa á han òun.

Gígé rẹ̀ nìyí, torí ibẹ̀ ni mo ti pàdánù ìdérí mẹ́ta. Bí ẹ bá kọ́kọ́ gé aṣọ roboto kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, fọ́nrán á máa tú ní etí, á yọ irun. Mo fi omi pò gọ́ọ̀mù funfun díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á sí ẹ̀yìn aṣọ, mo jẹ́ kó gbẹ títí tó fi le díẹ̀ bí kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà mo pa gọ́ọ̀mù sí ẹnu ife nìkan, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, mo dojú rẹ̀ dé sórí aṣọ tó fẹ̀ ju ẹnu rẹ̀ lọ, mo gbé ìwé ńlá kan lé e, mo lọ sùn. Nígbà tó di òwúrọ̀, mo fi bíléèdì tuntun gé èyí tó yọ síta yíká, mo fi ẹ̀gbẹ́ ife ṣe rúlà. Bí a ṣe ń gé páálí férémù náà nìyẹn. Ìdérí àti ife bára dọ́gba, ìka kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ìtẹ́lẹ̀: pákó pẹlẹbẹ, fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀, àǹkárá yẹn kan náà tí mo fà le díẹ̀, tí mo kàn mọ́ ẹ̀yìn. Mo gbé owó lé e, mo gbé ife lé owó. Ife ò mì. Kókó ò yọ. Owó ò dún mọ́ dígí. Mo tẹ̀ síwájú, mo tẹ̀ sẹ́yìn, mo yí tábìlì po.

Mi ò rí i. Èmi tí mo gé e, mi ò rí i.

Ọjọ́ Ẹtì

Túúbù: káléńdà náà ni mo fi ṣe é, apá tí wọ́n ya àwòrán sí wà nínú. Ó ga ju ife lọ ní ìka méjì, ó fẹ̀ jù ú lọ díẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé ife, a ó tẹ túúbù láti ìta, yóò di ife mú. Bí a bá tú ọwọ́, túúbù nìkan la ó gbé kúrò.

Èmi àti ọmọ náà ń dán an wò nínú yàrá nígbà tí Màmá wọlé. Ó gbé túúbù kúrò, owó pòórá. Màmá dúró. “Kí lẹ̀ ń kọ́ ọmọ yìí?” Ohùn wọn ò dùn. Ọmọ náà wò mí, mo mi orí sí i, ó sì yí ife sókè ó fi ẹnu rẹ̀ han ìyá rẹ̀ àgbà. Wọ́n fi ìka tẹ aṣọ náà, wọ́n wo abẹ́ ife, wọ́n wo owó tó wà lórí fóòmù. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń sọ ti Professor Peller onídán, ọmọ Ìsẹ́yìn, bí ìlú ṣe máa ń dà gìrọ́gìrọ́ lọ wò ó nígbà ayé rẹ̀, àti bí àwọn kan ṣe búra pé kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ní kí ọmọ náà lọ fi àṣírí rẹ̀ han tíṣà rẹ̀ kí ọjọ́ àríyá tó dé, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi ọ̀rọ̀ òògùn kàn án. Mo rò ó, mo rí i pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Tíṣà mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ó sì pa á mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kejì

Ìdánwò níwájú èrò, nínú àgbàlá wa, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Àwọn ọmọ agbolé tó mẹ́rìnlá, àgbà mẹ́rin. Bí a ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Ẹnìkan sáré gbé iná tí wọ́n ń ṣáàjì wá, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, mo sì rí i pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́: ìmọ́lẹ̀ tó wá láti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mú kí etí ìdérí ní òjìji. Mo gba iná náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo gbé e kọ́ irin fèrèsé lókè orí wọn. Òjìji lọ. Ìmọ́lẹ̀ láti òkè, a kò gbọdọ̀ gbàgbé.

Ohun kejì tí mo rí ni àwọn kéékèèké tó jókòó sórí ẹní. Ojú wọn bá tábìlì dọ́gba. Láti ibẹ̀, ènìyàn lè rí ìpọn aṣọ náà lábẹ́ ife bí ìlà dúdú kan. Ọmọ kan ní, “Nǹkan wà nísàlẹ̀ ife.” A ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo gé igi férémù mẹ́rin tí etí wọn ga ju ìtẹ́lẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà kan ààbọ̀, mo kàn wọ́n yí pákó náà ká. Ẹni tó bá jókòó nísàlẹ̀, etí férémù ni yóò rí, kò ní rí ẹnu ife. Ó sì jẹ́ kó lẹ́wà, bí àwòrán tí wọ́n gbé dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kẹta

Ọjọ́ àríyá. Mo dúró sẹ́yìn pátápátá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ó gbé férémù náà wá fúnra rẹ̀, ó gbé e lé tábìlì tíṣà. Kò sọ nǹkan kan. Ó mú owó jáde nínú àpò, ó sì ṣe ohun tí mi ò kọ́ ọ: ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé owó náà fún ọmọ tó wà ní ìlà iwájú, ó fi ọwọ́ júwe pé kó gbé e fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Owó náà rìn kárí ìlà mẹ́ta. Àwọn ọmọ ń gbé e sẹ́nu, àwọn bàbá ń sọ fún ìyàwó wọn pé, “Ah, kọ́bọ̀! Ó tó ìgbà wo?” Gbogbo gbọ̀ngàn ń sọ̀rọ̀ owó. Ife dojú dé lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó wò ó.

Ó gba owó padà, ó gbé e sórí aṣọ. Ó fi túúbù bo ife. Mo rí i tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láti ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n fóòmù gba gbogbo rẹ̀, kò dún. Ó gbé ife lé owó. Ó yọ túúbù, ó fi han gbogbo wọn pé òfìfo ni, inú àti ìta. Ariwo ta. Ó ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan, ó dá owó padà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹrí ba.

Ọmọ kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Gbé ife yẹn sókè ká wò ó!” Mo rò pé ó tán. Ó wo ọmọ náà. Ọ̀rọ̀ há, ó há gan-an, mo ń ka àkókò lọ́kàn mi. Tíṣà ò bá a sọ ọ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, wọ́n dúró dè é. Ó wá ní, “Ó di sáà tó ń bọ̀.” Ó gbé férémù rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ìdérí ti ṣí kúrò lẹ́nu ife. Ìyá rẹ̀ ló fọ ife náà mọ́ àwọn abọ́ lálẹ́ àná, kò mọ̀. Gọ́ọ̀mù funfun kò fẹ́ omi, mo yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ fi gọ́ọ̀mù mìíràn ṣe é, ṣùgbọ́n èyí tí omi kò lè tú, kò sí èyí tí kò ba dígí jẹ́ nínú àwọn tí mo ní. Nítorí náà gọ́ọ̀mù káfíńtà náà la ó máa lò, a sì ti fi máákà kọ “MÁ FỌ̀” sára túúbù.

Ó ní òun fẹ́ gé tuntun fúnra òun. Mo fi bí wọ́n ṣe ń di bíléèdì mú hàn án, kí ìka wà lẹ́yìn, kí ó máa yí ife, kí ó má yí ọwọ́. Ó ti gé méjì bàjẹ́. Ẹ̀kẹta ló wà lẹ́nu ife báyìí, ìwé atúmọ̀ èdè Màmá wà lórí rẹ̀ lójú fèrèsé, ó ń gbẹ.